Iye Kan Tí Ó Jọba Fún Ọdún 75

Ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn ìlú ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Lónìí, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ìtàn nọ́ńbà kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò fẹ́ ṣí ojú ìwé yìí kọjá ní kíá nígbà tí ó bá rí ọ̀rọ̀ ìṣirò. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú sùúrù. Ẹni tí ó bá mọ ìlọ́po méjì, tí ó mọ ìyọkúrò, tí ó sì mọ pínpín, ó ti mọ ohun tí ó tó láti bá mi dé òpin. Nọ́ńbà náà nìyí:

170,141,183,460,469,231,731,687,303,715,884,105,727

Ẹyọ òǹkà 39 ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1876, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Édouard Lucas sọ pé iye yìí kò ṣeé pín rárá. Láti ọjọ́ náà títí di ọdún 1951, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tí ó rí iye mìíràn tí ó jù ú lọ tí a fi ẹ̀rí hàn pé kò ṣeé pín. Títí di òní olónìí pàápàá, òun ni ó tóbi jù nínú gbogbo èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ lásán ṣírò láìlo ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe títóbi rẹ̀ ni ó mú mi mú gègé. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni ìbéèrè kan tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ọjọ́ pípẹ́: báwo ni ẹ̀dá ènìyàn ṣe lè mọ̀ dájúdájú ohun tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kò lè tó láti yẹ̀ wò tán?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Bí ìyá kan bá ní ẹ̀pà 12, ó lè pín in ní ọgbọọgba fún ọmọ 2, tàbí 3, tàbí 4, tàbí 6. Bí ó bá ṣe 13 ni ó ní, ìjà dé: àfi kí ó kó gbogbo rẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo, tàbí kí ó wá ọmọ 13 kí ó fún wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Iye bí 13 yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní prime. Èmi yóò máa pè é ní iye àìṣeépín. 2, 3, 5, 7 àti 11 wà nínú wọn. Euclid, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì, ti fi hàn ní nǹkan bí 300 ọdún kí a tó bí Jésù pé wọn kò lópin: bí ó ti wù kí èyí tí a rí tóbi tó, òmíràn wà níwájú tí ó jù ú lọ.

Iye tí à ń sọ ìtàn rẹ̀ wá láti ìdílé kan pàtó. Bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, kí o máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 2, 4, 8, 16, 32, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn babaláwo wa mọ ọ̀nà yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní awẹ́ mẹ́jọ, awẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè dojú bolẹ̀ tàbí kí ó ṣíjú sókè; ìlọ́po méjì ní ìgbà mẹ́jọ ni ó fi jẹ́ pé odù Ifá pé 256. Nígbà tí o bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tán, yọ 1 kúrò. Èyí náà kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí àwa ni a ń pe 19 ní ọ̀kàndínlógún, tí a sì ń pe 39 ní ọ̀kàndínlógójì. Bí o bá ṣe ìlọ́po náà ní ìgbà 3, o ní 8. Yọ 1, ó ku 7. Bí o bá ṣe é ní ìgbà 7, o ní 128. Yọ 1, ó ku 127. Àwọn onímọ̀ ìṣirò a máa kọ èyí báyìí: 2³ − 1, 2⁷ − 1. Iye tí mo kọ sí òkè ni 2¹²⁷ − 1, èyí ni pé a ṣe ìlọ́po méjì ní ìgbà mẹ́tàdínláàádóje, a sì yọ ẹyọ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí nìyí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tíṣà wa kan kọ́ wa pé iyekíye àìṣeépín tí a bá mú, bí a bá ṣe ìlọ́po méjì ní iye ìgbà yẹn tí a sì yọ 1, èsì rẹ̀ yóò jẹ́ àìṣeépín. A dán 2 wò, a rí 3. A dán 3 wò, a rí 7. A dán 5 wò, a rí 31. A dán 7 wò, a rí 127. Gbogbo rẹ̀ gún régé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fi rúlà fa ìlà pupa sí i nídìí, mo sì gbé e wá sí yunifásítì bí ẹni gbé ohun ìní bàbá rẹ̀.

Ní ọdún kìíní mi, mo fi òfin yìí yangàn lójú ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ǹjẹ́ o ti dán 11 wò?” Mo ní n kò dán an wò. Ó mú ẹ̀yìn àpò lẹ́tà kan, ó ṣe ìlọ́po méjì ní ìgbà 11, ó ní 2,048. Ó yọ 1, ó ku 2,047. Ó ṣírò díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé 23 lọ́nà 89 ni. Mo wo bébà náà títí. Mo ní, “Ṣùgbọ́n tíṣà wa ni ó sọ bẹ́ẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà ti sọ; ǹjẹ́ nọ́ńbà náà gbọ́?”

Ìtìjú mú mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wá ka ìtàn, mo rí i pé èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, àti pé àwọn tí ó jù mí lọ fíìfíì ti ṣubú sínú kòtò kan náà.

Ọ̀gbẹ́ni Cataldi, ará Bologna ní Ítálì, ṣe iṣẹ́ akọni. Ó fi ẹ̀rí hàn pé 17 àti 19 máa ń mú iye àìṣeépín jáde. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1603, ó tún fi 23, 29, 31 àti 37 kún un. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó tọ̀nà, èyíinì ni 31. Ní ọdún 1640, Fermat, amòfin Faransé, fi hàn pé 2²³ − 1 ṣeé fi 47 pín, ó sì tún wó ọ̀rọ̀ ti 37.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Marin Mersenne dé. Ẹni ìsìn ni, ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí a ń pè ní Minim. Paris ni ó ń gbé, ó sì ń kọ lẹ́tà sí gbogbo ọ̀mọ̀wé Yúróòpù débi pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìròyìn ìmọ̀ ń gbà kọjá bí ọjà tí gbogbo ọ̀nà wọ̀. Ní ọdún 1644, ó tẹ ìwé kan, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé 257, àwọn tí ń mú iye àìṣeépín jáde ni 2, 3, 5, 7, 13, 17, 19, 31, 67, 127 àti 257, kò sì sí òmíràn. Ẹ wo ìgboyà! Òun kan náà ni ó kọ ọ́ pé gbogbo àkókò kò lè tó láti mọ̀ bóyá iye tí ó ní ẹyọ òǹkà 15 tàbí 20 ṣeé pín. Síbẹ̀ 2²⁵⁷ − 1 ní ẹyọ òǹkà 78. Báwo ni ó ṣe mọ̀? Kò sọ. Nítorí pé Mersenne ni ó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà dúró, a sì fi orúkọ rẹ̀ sọ irú àwọn iye wọ̀nyí títí di òní.

Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó lè mú ọ̀kan nínú àwọn ńlá inú àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa. Ní ọdún 1772, Leonhard Euler, tí ó ń gbé ní St. Petersburg, tí ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, fi hàn pé 2³¹ − 1, èyíinì ni 2,147,483,647, jẹ́ àìṣeépín nítòótọ́. Ẹ kíyè sí bí ó ti ṣe é. Bí iye kan bá ṣeé pín, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lè pín in kò ní ju ibi tí iye kan ti ń lọ́nà ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fún iye Euler yìí, 46,340 ni ó yẹ kí a dé. Euler tún rí i pé ohunkóhun tí yóò bá pín in gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò ṣẹ́ku 1 tàbí 63 bí a bá fi 248 pín in. Báyìí ni ó ṣá igbó náà di kékeré, ó sì yẹ gbogbo igi tí ó ṣẹ́kù wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí ó pín in.

Ní ọdún 1811, Peter Barlow, olùkọ́ ìṣirò ní Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé iye pípé tí ó ti ara iye Euler yìí jáde ni ó tóbi jù lọ tí a ó rí láéláé. Ìdí rẹ̀ ni pé nǹkan wọ̀nyí kò wúlò fún ohunkóhun, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò fẹ́ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá èyí tí ó jù ú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. A ó padà bá a.

Kí ni ó dí ọ̀nà ní ti 127? Bí a bá fẹ́ ṣe bí Euler ti ṣe, ibi tí a ó dé kí a tó dẹ́kun jẹ́ iye tí ó ní ẹyọ òǹkà 20. Ẹni tí ó bá ń dán iye kan wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, láìsùn, láìjẹun, yóò lò ju 400,000,000,000 ọdún lọ. Bí ó bá tilẹ̀ ṣá igbó náà bí ti Euler, kò ní lè rí òpin rẹ̀. Ẹni tí yóò bá mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yẹn. Ó ní láti wá ọ̀nà mìíràn, tí kò ní jẹ́ pé à ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé ní ìlú láti wá olè kan.

Ẹni tí ó rí ọ̀nà náà ni Édouard Lucas. Ìlú Amiens ni a ti bí i ní ọdún 1842. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Paris. Nígbà tí ogun bẹ́ láàrin Faransé àti Prussia ní 1870, ó lọ sójú ogun gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun àwọn oníbọn àgbá. Nígbà tí ogun parí, ó di olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ní ìlú Moulins, lẹ́yìn náà ní Paris. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ máa di tíṣà lọ́la gbọ́ èyí: ẹni tí ó gba adé yìí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá. Tíṣà ni, tí ń kọ́ ọmọdé, tí ń yẹ ìwé wọn wò.

Ìmọ̀ Lucas rọrùn dé ibi tí ó fi yani lẹ́nu. Ó ní kí a má wá ohun tí ó lè pín nọ́ńbà náà mọ́. Kí a bi nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè kan, kí ó sì dáhùn. Mú 3. Fi 3 lọ́nà ara rẹ̀, yọ 2 kúrò: 7. Fi 7 lọ́nà ara rẹ̀, yọ 2 kúrò: 47. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbàkígbà tí èsì rẹ̀ bá ju iye tí ò ń dán wò lọ, fi iye náà pín in, kí o sì mú àṣẹ́kù nìkan dání. Bí ó bá jẹ́ pé 2⁷ − 1 ni ò ń dán wò, wo èsì kẹfà, èyí tí ó fi ọ̀kan dín sí 7. Bí èsì yẹn bá jẹ́ òdo, nọ́ńbà náà kò ṣeé pín. Bí kò bá jẹ́ òdo, ó ṣeé pín. Ọ̀nà yìí péye fún gbogbo iye àìṣeépín tí yóò bá ṣẹ́ku 3 nígbà tí a bá fi 4 pín in. 7, 11, 67 àti 127 sì wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe é fún 127, tí í ṣe 2⁷ − 1. Èsì kìíní ni 3, èkejì 7, ẹ̀kẹta 47. Ẹ̀kẹrin yẹ kí ó jẹ́ 2,207. Fi 127 pín in, ó ṣẹ́ku 48. Fi 48 lọ́nà ara rẹ̀, yọ 2: 2,302, fi 127 pín in, ó ṣẹ́ku 16. Èyí ni ìkarùn-ún. Fi 16 lọ́nà ara rẹ̀, yọ 2: 254. Ìlọ́po méjì 127 ni 254 gan-an. Àṣẹ́kù: òdo. Ìdáhùn ti dé ní ìkẹfà, nọ́ńbà náà kò ṣeé pín.

Mo sì mú 2,047, iye tí ó dójú tì mí, mo bi òun náà. Èsì tirẹ̀ láti ìkíní dé ìkẹwàá nìyí: 3, 7, 47, 160, 1034, 620, 1609, 1471, 160, 1034. Ẹ rí i pé nígbà tí ó dé ìkẹsàn-án, ó tún padà sí 160, ó sì ń yí po bí ẹni tí ó ṣìnà nínú igbó. Kò lè dé òdo láéláé. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ibi kankan nínú ìṣirò yìí tí a ti rí 23 tàbí 89. Nọ́ńbà náà jẹ́wọ́ pé òun ṣeé pín, kò sì sọ ẹni tí ó lè pín òun.

Lucas gbé ìbéèrè yìí síwájú 2¹²⁷ − 1. Ìgbésẹ̀ 125 ni ó gbà. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, iye bí ẹyọ òǹkà 39 ni a ó fi lọ́nà ara rẹ̀, tí a ó sì fi iye ẹyọ òǹkà 39 pín èsì rẹ̀. Láti dín wàhálà kù, ó lo ọ̀nà kíkọ òǹkà pẹ̀lú 0 àti 1 nìkan, lórí pátákó onígun-mẹ́rin kéékèèké bíi ti eré ṣẹ́ẹ̀sì. Nínú ọ̀nà yẹn, pínpín pẹ̀lú irú iye báyìí di ìròpọ̀ lásán. Ní ọdún 1876, ó kéde fún ayé pé òun ti rí òdo ní òpin rẹ̀. Ní ti 127, Mersenne sọ òótọ́.

Ní ọdún kan náà, ó kéde pé ní ti 67, Mersenne ṣì í: 2⁶⁷ − 1 ṣeé pín. Ṣùgbọ́n bí 2,047 ti ṣe sí mi, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà yìí ṣe sí Lucas: ó jẹ́wọ́, kò dárúkọ. Ó di oṣù Kẹwàá ọdún 1903 kí Frank Nelson Cole tó dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà ní New York. Àwọn tí ń sọ ìtàn rẹ̀ ní kò la ẹnu. Ó mú ẹfun, ó ṣírò 2⁶⁷ − 1 sí ojú pátákó, ó rí 147,573,952,589,676,412,927. Ó bọ́ sí apá kejì, ó fi 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287. Èsì méjèèjì bára mu. Ó padà lọ jókòó, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́.

Mo mọ̀ pé onílàákàyè kan yóò ti bi mí ní ìbéèrè: bí Lucas bá ṣì kà ńkọ́? Ìbéèrè náà tọ́, ó sì ní ìdáhùn. Ẹni tí ó bá ṣì kà ní ibi kan nínú ìgbésẹ̀ 125, iyekíye ni ó lè bá a pàdé ní òpin. Kí àṣìṣe wá mú un bọ́ sí orí òdo gẹ́lẹ́, láàrin àwọn iye tí kò lóǹkà bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe. Nítorí náà nígbà tí òdo bá yọ, ọkàn a balẹ̀. Nígbà tí kò bá yọ ni ẹ̀rù ń bani, nítorí àṣìṣe náà a máa mú kí ó má yọ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Cole fi níyì: ó gbé olè náà jáde fún gbogbo ayé rí. Ní ọdún 1930, D. H. Lehmer, ará Amẹ́ríkà, tún ọ̀nà Lucas ṣe, ó sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ ṣinṣin.

Àkọsílẹ̀ Mersenne ńkọ́? Pervushin, àlùfáà ní Rọ́ṣíà, rí i ní 1883 pé 61 yẹ kí ó wà níbẹ̀. Powers ní Amẹ́ríkà rí 89 ní 1911 àti 107 ní 1914. Nígbà tí ó fi di ọdún 1947 tí a yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán, àṣìṣe márùn-ún ni a kà: ó fi 67 àti 257 sí i, kò yẹ, ó yọ 61, 89 àti 107 sílẹ̀, kò yẹ. Ó ju 300 ọdún lọ kí a tó lè yẹ ọ̀rọ̀ àgbà kan wò tán.

Lucas fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Ní 1883, ó gbé eré kan jáde tí ọ̀pọ̀ yín ti mọ̀, eré òpó mẹ́ta àti àwo olóríṣiríṣi títóbi tí a ń pè ní Ilé Ìṣọ́ Hanoi. Bí àwo náà bá jẹ́ 7, ìgbésẹ̀ tí ó kéré jù láti kó wọn kúrò ní òpó kan dé òpó mìíràn jẹ́ 2⁷ − 1; eré ọmọdé ni ó fi bo ìdílé nọ́ńbà kan náà. Ní ọdún 1891, níbi àsè kan, àwo já bọ́, ó fọ́, èéfọ́ rẹ̀ sì gé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọgbẹ́ náà di àìsàn sí i lára, ó sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀, ní ọmọ ọdún 49.

Nọ́ńbà rẹ̀ jọba lọ. Ní 1951, Ferrier, ará Faransé, fi ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì rí iye àìṣeépín tí ó ní ẹyọ òǹkà 44. Ní ọdún kan náà, Miller àti Wheeler fi kọ̀ǹpútà EDSAC ní Cambridge rí èyí tí ó ní 79. Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é: wọ́n mú iye Lucas, wọ́n fi lọ́nà ara rẹ̀, wọ́n fi lọ́nà 180, wọ́n sì fi 1 kún un. Orí èjìká ọba àná ni ọba tuntun dúró sí kí ó tó gùn jù ú lọ. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, 1952, Raphael Robinson fi ọ̀nà Lucas àti Lehmer sínú kọ̀ǹpútà SWAC ní Los Angeles, ó sì rí 2⁵²¹ − 1 àti 2⁶⁰⁷ − 1 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní 1996, George Woltman dá àjọṣe kan sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé ti lè fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá wọn wá a. Láti inú àjọṣe náà ni Luke Durant ti rí, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, iye kan tí ó ní ẹyọ òǹkà 41,024,320: ìlọ́po méjì ní ìgbà 136,279,841, dín ọ̀kan. Ìbéèrè tíṣà Moulins ni wọ́n tún bi òun náà kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí i.

Barlow ńkọ́, ẹni tí ó ní kò wúlò? Láti ọdún 1977 tí Rivest, Shamir àti Adleman ti gbé ọ̀nà wọn jáde, iye àìṣeépín ńláńlá ti di àgádágodo tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí àti owó inú báńkì, nítorí ó rọrùn láti fi méjì lọ́nà ara wọn, ó sì ṣòro gidigidi láti tú wọn ká. N kò sọ èyí láti dá Lucas láre. Lucas kò mọ̀ pé àgádágodo kan ń bọ̀. Ó fẹ́ mọ òtítọ́, ó tán.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹ mú 2, ẹ ṣe ìlọ́po náà, ẹ yọ 1: 3. Ẹ lo 3: 7. Ẹ lo 7: 127. Ẹ lo 127: iye Lucas. Gbogbo wọn àìṣeépín. Bí a bá wá lo iye Lucas fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹnu ń yún ni láti sọ pé òun náà kò ní ṣeé pín. Ṣùgbọ́n iye yẹn tóbi débi pé òǹkà tí a ó fi ka ẹyọ inú rẹ̀ nìkan gùn ní ẹyọ 38. Kò sí ìwé tí ó lè gbà á, kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè fi ọ̀nà Lucas dán an wò tán, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Òfin tíṣà wa náà gún régé ní ìgbà mẹ́rin kí ó tó ṣubú ní ìkarùn-ún, àpẹẹrẹ yìí pẹ̀lú sì ti gún ní ìgbà mẹ́rin. N kò bínú sí tíṣà wa o. Ohun tí a kọ́ òun náà ni ó kọ́ wa, bí a ti ń kọ́ ara wa ní ọ̀pọ̀ nǹkan nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ yìí pàápàá. Mo sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí Lucas fún Mersenne ni ó wù mí jù: ó mú ọ̀rọ̀ àgbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gba 127 nítorí ó yẹ ẹ́ wò, ó kọ 67 nítorí ó yẹ ẹ́ wò. Ó sì fi ọ̀nà náà lé gbogbo ayé lọ́wọ́, kí ẹni tí kò bá gba òun gbọ́ lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má gba èmi náà gbọ́ lásán. Ẹ mú bébà, ẹ mú 2,047, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 3. Bí ẹ bá rí i pé mo ṣì kà níbì kan, ẹ kọ̀wé sí olóòtú wa. Ìlà pupa tí mo fà sínú ìwé mi ní girama ṣì wà níbẹ̀; n kò pa á rẹ́. Mo kàn kọ 23 àti 89 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni.